Ibi Tó Ń Dun Nugzari

"Gbé e sílẹ̀, Nugzari. Mo ní kó o gbé e sílẹ̀!"

Láàárín oko àjàrà ni Lamara ti pariwo, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ kan, ṣírí èso àjàrà lọ́wọ́ kejì. Ọkọ rẹ̀ ti di etí apẹ̀rẹ̀ mú, ó ti gbé e tó orúnkún. Kò gbé e kọjá ibẹ̀. Ó dúró gbagidi bí ẹni tó rí ejò, ó wá rọra dá apẹ̀rẹ̀ padà sórí koríko, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe wúwo tó ni," ó ní.

"O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo díẹ̀."

"Kí Ọlọ́run fún ẹ lọ́gbọ́n kó o tó sọ mí di opó."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ti kọjá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún Nugzari ní ilé ìwòsàn ìlú Telavi. Ìfun ló ń yọ lábẹ́ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Dókítà tì í padà sínú, ó sì tẹ́ àwọ̀n kékeré kan, tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ ojú fèrèsé, sórí ibẹ̀ kó má baà tún yọ. Lóòótọ́, ìfun kò yọ mọ́. Ṣùgbọ́n ìrora kan wá jókòó síbẹ̀, kò sì dìde. Bí Nugzari bá ń rìn, ó ń fara dà á. Bó bá dùbúlẹ̀, á fúyẹ́. Àmọ́ bó bá jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń fa okùn gbígbóná láti inú ikùn rẹ̀ wọ itan, títí dé ibi tí ọkùnrin kì í dárúkọ láwùjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Àwọ̀n wà níbi tí wọ́n fi sí, kò sí ohun tó bàjẹ́. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn èèyàn díẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá iṣan kan ló há mọ́ ara àwọ̀n, pé àwọn dókítà kan wà ní Tbilisi, olú ìlú, tí iṣẹ́ wọn ò ju irú ìrora bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé. Nugzari ò pè wọ́n. Wákàtí méjì ni ọ̀nà Tbilisi, ìjókòó sì ni gbogbo rẹ̀.

Èyí tó tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni ti Omari, aládùúgbò wọn. Iṣẹ́ abẹ kan náà, lọ́wọ́ dókítà kan náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Omari fi ń jó níbi ìgbéyàwó, tó ń fò sókè bí ewúrẹ́ orí òkè. Ta ni yóò wá gbà pé ẹni tí kò ní egbò, tí kò ní ibà, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń dán, ń jẹ̀rora?

Ọkọ̀ akẹ́rù kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Nugzari mọ ìró rẹ̀.

"Ta ló pè é?"

Lamara ò wẹ̀yìn. "Èmi ni. Èso àjàrà ò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìkòkò ọtí."

"Lamara."

"Bí ojú bá ń tì ẹ́, lọ fara pa mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè lé e."

Lọ́dọ̀ wa ní Kakheti, èèyàn lè pẹ́ dé ibi àsè, ó lè jẹ àjẹjù, ó tilẹ̀ lè kọrin tí kò dùn. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kó fi kọ́ọ̀pù tí a fi ń rántí òkú sílẹ̀ ní kíkún. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrántí ọdún kan ikú Ilarioni, bàbá Lamara, Jemali ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ́ tamada, olórí ìdí tábìlì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọtí sẹ́nu. Ó dìde láti sọ ti bàbá rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin dìde, wọ́n kán ọtí díẹ̀ sórí búrẹ́dì fún òkú. Nugzari gbé kọ́ọ̀pù tirẹ̀ kalẹ̀ láì fẹnu kàn án, ó jáde. Kò padà wọlé títí wọ́n fi kó àwo kúrò nílẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí òun àti Jemali ti jọ ń kórè àjàrà pọ̀. Láti ọjọ́ náà, oṣù mẹ́jọ gbáko, wọn ò kí ara wọn.

Lamara mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Nugzari ti mú un dúró níwájú àwòrán mímọ́ tó wà nínú yàrá, ó ní kó búra pé kò ní sọ ibi tó ń dun òun fún ẹnikẹ́ni láyé, pàápàá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí màá fi kú," ló wí. Lamara búra. Ìbúra náà sì ti wá di ìrora tirẹ̀.

Jemali wọ inú oko wá, ọkùnrin gíga tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó fẹnu ko àbúrò rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wo Nugzari bí ẹni ń wo òpó tí wọ́n so àjàrà mọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n," Nugzari ní.

"Lamara," Jemali ní, "sọ fún onílé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

Ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Òun àti Omari gbé apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínlógún kí oòrùn tó dé àtàrí. Ọ̀bẹ ni Nugzari ń lò. Ó ń gé ṣírí, ó ń dúró, ó ń rìn lọ rìn bọ̀.

"Omari," Jemali ní, ó sọ ọ́ kó lè dún dé ibi tó yẹ, "ṣé o ti rí ọba tó ń rìn káàkiri oko rẹ̀ rí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Jemali. Iṣẹ́ abẹ ló ṣe."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo ṣe?"

"Èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi..."

"Ìwọ ń gbé apẹ̀rẹ̀."

Nugzari gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gé ṣírí kan, èyí tó tóbi jù nínú oko, ó rọra fi í sínú apẹ̀rẹ̀ tí Jemali fẹ́ gbé. Jemali rí i. Ó já èso kan jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Lamara tẹ́ tábìlì sábẹ́ ibòji àjàrà inú àgbàlá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi igi àjàrà gbígbẹ sun, ikàn tí wọ́n fi àsálà kún, wàràkàṣì, búrẹ́dì gbígbóná, àti ọtí èṣín nínú àgé. Àwọn mẹ́rin náà jókòó. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tí yóò jẹ́ tamada. Jemali ló dàgbà jù, òun ló sì mọ ọ̀rọ̀ sọ jù.

Ó fi ti Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, ó dúpẹ́ fún òjò, ó dúpẹ́ fún oòrùn, ó dúpẹ́ fún yìnyín tó yà sí oko ẹlòmíràn, ó tún tọrọ àforíjì nítorí ìyẹn. Wọ́n mu. Ó sọ ti àlàáfíà ilẹ̀ wa. Wọ́n mu. Jemali kì í sọ̀rọ̀ kúkúrú. Nugzari ti ń yí ìdí padà lórí àga, ó gbé ara lé apá òsì, ó gbé e lé apá ọ̀tún, ó fi ìka di abẹ́ tábìlì mú. Okùn gbígbóná náà ti ń fà. Lamara ń wò ó.

Jemali bu ọtí sí kọ́ọ̀pù gbogbo wọn dé etí. Ó dìde.

"Báyìí," ó ní, ó sì tẹjú mọ́ Nugzari fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, "ti àwọn tó ti lọ. Ti bàbá mi."

Omari dìde. Lamara dìde. Nugzari fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó gbé ara sókè dé ìdajì, ó há síbẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí wàrà. Àwo mì, ọtí dànù díẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù rẹ̀.

"Ó tún fẹ́ lọ," Jemali ní. "Ọ̀nà ìta nìyẹn. Má jẹ̀ẹ́ kí bàbá mi dá ẹ dúró. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi da kọ́ọ̀pù rẹ nù. Èmi náà ni màá dà á lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó!" Lamara kígbe. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Nugzari, mo bẹ̀ ẹ́, yọ mí nínú ìbúra yẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́."

Nugzari wo aya rẹ̀. Ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni báyìí rí, bóyá èèyàn ni o, bóyá ẹni mímọ́.

"Rárá," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ ni yóò sọ ọ́."

Ó padà jókòó, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó gbé ọwọ́ lé abẹ́ ikùn rẹ̀, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Bí mo bá jókòó pẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ wọ inú... wọ inú nǹkan ọkùnrin mi, mi ò sì ní lè dìde. Omari ò ní irú rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi ní i. Lọ́jọ́ bàbá, kì í ṣe pé mo bínú jáde. Ẹ̀yìn mọ́tò mi ni mo lọ dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀wù mi ni mo ki bọ ẹnu kẹ́ ẹ má baà gbọ́ ohùn mi."

Kòkòrò oyin kan ń yí etí àgé ká. Omari ya ẹnu.

"Ṣùgbọ́n èmi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mo..."

"O jó," Jemali ní. "Gbogbo Kakheti ti gbọ́. Jókòó."

Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Oṣù mẹ́jọ," ó ní. "Láràárọ̀ tí mo bá ń fọ ojú ni mò ń bú ẹ. Mo ti bú ẹ débi pé èébú tán lẹ́nu mi, mo wá ń tún ti àtijọ́ lò. Ṣé o ò lè pè mí lórí fóònù ni?"

"Kí ni màá ní? 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀, nǹkan mi ń dùn mí'?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kí lo rò pé àna wà fún?"

Lamara bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Omari ti fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú.

"Kí ló máa ń mú kó fúyẹ́?" Jemali béèrè.

"Kí n dùbúlẹ̀."

"Dùbúlẹ̀ nígbà náà."

"Níbí? Nígbà tí a fẹ́ mu ti òkú? Ìdúró ni wọ́n ń mu ún, Ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá mi ńkọ́?" Jemali ní. "Ṣé ìdúró ló wà níbi tó wà?"

Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí koríko. Òun àti Lamara di Nugzari mú lápá méjèèjì, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ ìkòkò ọtí tuntun sínú ihò rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ó ká orúnkún sókè, ó mí kanlẹ̀. Ní díẹ̀díẹ̀, okùn náà dẹ̀. Kò lọ tán. Kì í lọ tán. Ṣùgbọ́n ó dẹ̀.

Jemali mú kọ́ọ̀pù kíkún náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi í sí i lọ́wọ́. "Mo gbé ọ̀rọ̀ lé ẹ lọ́wọ́," ó ní. "Ìwọ ni kó o sọ ti bàbá."

Orí ilẹ̀ ni Nugzari ti sọ ọ́, tó ń wo ewé àjàrà lókè:

"Ilarioni, ọmọ Tedore. Ọkùnrin tí yìnyín ba oko rẹ̀ jẹ́ ní àárọ̀, tó ń gbin òmíràn ní ọ̀sán. Ó ní yìnyín ò ní gbòǹgbò, òun lòun ní i. A-gbé-etí-lé-ìkòkò-mọ-bí-ọtí-ti-ń-mí. A-bínú-bí-àrá-rẹ́rìn-ín-bí-òjò. Ọjọ́ tí mo wá tọrọ Lamara, ẹ bi mí ohun tí mo ní. Mo ní mo ní apá méjì. Ẹ ní ó tó. Bàbá, apá náà ò gbé nǹkan mọ́ báyìí. Ẹ má ṣe bínú. Lamara kò tíì dá mi padà fún yín. Kí Ọlọ́run fún yín ní ìsinmi níbi tí ìrora kò sí, kó sì fún àwa tó kù ní èyí tí a lè gbé."

"Àmín," Lamara ní.

Nugzari kán ọtí sórí búrẹ́dì tí Lamara nà sí i. Lamara fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ sókè, ọkọ rẹ̀ sì mu kọ́ọ̀pù náà dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó dúró mu tiwọn.

Wọ́n jẹun bẹ́ẹ̀, mẹ́ta lórí àga, ẹnì kan nílẹ̀. Omari ń na ẹran sí i láti òkè.

"Dókítà Tbilisi tí Lamara ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi yìí," Jemali ní, "kí ló dé tí o ò lọ?"

"Wákàtí méjì ni lórí ìjókòó."

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ò ní ìjókòó. Màá tẹ́ tìmùtìmù sí i."

"Bí àgùntàn tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà?"

"Àgùntàn kì í ṣàròyé tó ẹ. Bó o bá ní kí n dúró, màá dúró."

"Màá ní kẹ́ ẹ dúró púpọ̀."

"Mo lọ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo abúlé ojú ọ̀nà yẹn. Ìgbà wo ni mo ti dé Tbilisi láì dúró rí?"

Nugzari ń fi ìka wú koríko ẹ̀gbẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà.

"Bí wọn ò bá wá rí i ṣe ńkọ́?"

Jemali gé búrẹ́dì, ó fi ìdajì lé e láyà.

"A ó padà wálé. Wàá dùbúlẹ̀. A ó jẹun."

Omari fẹ́ sọ nǹkan kan, ó rò ó, ó kó ẹran sẹ́nu.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà náà," Nugzari ní.

Lamara ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń yára wọlé lọ wá ìwé tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, kó lè pe Tbilisi kí ọkọ rẹ̀ tó yí ọkàn padà.