Ààwẹ̀ Fawziyyah

Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi Fawziyyah ṣe àpẹẹrẹ ọmọ rere ní àsàlátù àdúgbò wọn ní Ailegun. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní báyìí, ìyá rẹ̀, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́, á dìde, á ní, "Ẹ wo tèmi nílé. Àtìní, ààwẹ̀. Àlàmísì, ààwẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún o!" Àwọn obìnrin á ké Allāhu Akbar, wọn á máa wo ọmọ náà bí ẹni tó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ àlùjánà. Kò sẹ́ni tó béèrè pé Àtàláátà ńkọ́.

Wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ti Fawziyyah kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ kún ìkòkò ìyá rẹ̀, òun ló ń fi ebi pa ara rẹ̀. Télọ̀ kan tó ń wọn ìbàdí rẹ̀ fún aṣọ Iléyá ló rẹ́rìn-ín pé téèpù òun fẹ́ẹ̀ má tó o. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti di ọ̀tá. Bó bá jẹ ṣíbí ìrẹsì kan kọjá èyí tó fọkàn sí, ẹ̀rù á bà á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ààwẹ̀ ló wá fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ni yóò bá ẹni tó ń sin Ọlọ́run jà?

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dákú lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ire-Akari. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà Inúmidùn yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í ní ìbéèrè púpọ̀, kò sì fepo bọyọ̀.

"Àìsàn ni, Fawziyyah. Anorẹ́síà là ń pè é, àìsàn ẹni tí ìbẹ̀rù sísanra kì í jẹ́ kó jẹun. Ó sì ní ìwòsàn. Àmọ́ ó ti ń rẹ ọkàn tó ń lù láyà rẹ. Tó o bá gbààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, o lè má parí ẹ̀. Lọ wá ẹnì kan nílé tó máa jókòó tì ẹ́ nígbà oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. O ò lè dá a ṣe."

Fawziyyah sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Bó bá jẹ́ alágbára là ń wá nílé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló wà, òun náà ló sì ń bà á lẹ́rù jù. Ó wọkọ̀, ó di Òṣòdì, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta híjáàbù.

"Mọ́mì, mi ò ní gbààwẹ̀ lọ́dún yìí."

Ìyá rẹ̀ wo ikùn rẹ̀. "Ta ló fún ẹ lóyún?"

"Kò sóyún kankan. Ara mi ò yá ni. Dókítà sọ pé tí mo bá gbà á, mo lè kú."

"Ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Oúnjẹ ni mi ò lè jẹ. Mọ́mì, gbogbo ààwẹ̀ tí mò ń gbà yẹn, mi ò gbà á fún Ọlọ́run."

Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo ti fi ẹ́ ṣe wáàsí ni?"

"Mo mọ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́." Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ohùn òun kò gbọ̀n. Ó ká apá híjáàbù rẹ̀ sókè. "Ẹ di apá mi mú."

Ìyá rẹ̀ dì í mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ pàdé ìka àárín, ó tún lé e kọjá. Apá tó fi ọṣẹ wẹ̀ nígbà tí Fawziyyah wà ní ọmọ ọwọ́ sanra jù báyìí lọ. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó ní, "Mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn."

Ọjọ́ kìíní Ràmàdáánì pé, aago kan ọ̀sán lù. Abọ́ ìrẹsì àti ẹyin wà níwájú Fawziyyah nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀, tí ètè rẹ̀ ti gbẹ, jókòó tì í, ó ń wo ṣíbí. Ìyá Táíyé, ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù, ló yọjú.

"Hà! Olórí wa! Fawziyyah ló ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀?"

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yíjú. Fawziyyah gbé ṣíbí sílẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá tijú báyìí, ó mọ̀ pé òun kò ní lè gbé e mọ́ láéláé.

Ìyá rẹ̀ dìde. "Òun ni. Àìsàn ló ń ṣe é láti ọdún méjì. Èmi ìyá ẹ̀ ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún àìsàn náà, ẹ̀yin náà sì ń bá mi pàtẹ́wọ́. Ẹ wọlé, ẹ bá wa jókòó, kó jẹ ẹ́ tán."

Ìyá Táíyé dúró díẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń gbààwẹ̀ jókòó ti ọmọ kan.

Fawziyyah mú ṣíbí.