Tálì Àwọn Oyin Inú Ilé Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi Ògúnjìmí fi ṣe akọ̀wé tálì ní wáàfù Àpápá. Ẹrù kan ò lè kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi kí n má fa ìlà rẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí tírélà ní Wharf Road, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó bá mi. Láti ọjọ́ yẹn ni Rekiat ìyàwó mi ti gbé bàtà iṣẹ́ mi pamọ́, tó sì gbé ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Èmi! Ìgbálẹ̀!

Lọ́jọ́ Túsìdé kan, Lucky tá a jọ ṣiṣẹ́ yà sí ilé wa ní Ajégúnlẹ̀.

"Baba, ship dey come Monday! These small boys no sabi tally. Na you we want."

Rekiat dáhùn láti ilé ìdáná: "Wọn ò lọ síbì kankan!"

Ó dùn mí wọra. Mo lọ jókòó ti àpótí oyin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bùsáyọ̀ ọmọ wa, tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì, ló gbẹ́ àwọn oyin kéékèèké tí kì í ta ènìyàn jáde lára ògiri, lẹ́yìn mítà iná, tó kó wọn sínú àpótí onígíláàsì tó ní ihò síta. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì èékánná funfun sàmì sí ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ó fi pupa sàmì sí ti àwọn àgbà. Ó ní kí n bá òun ka iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Ta ló tún mọ tálì jù mí lọ?

Àwọn funfun ń ṣa pàǹtí nínú ilé, wọ́n ń ká a ní róbótó. Àwọn pupa ń lọ síta, wọ́n ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó bọ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di Sátidé, pupa tó jáde jẹ́ igba ó lé mọ́kànlá. Funfun tó jáde, kò sí ẹyọ kan.

Mo fi igbe ta. "Rekiat! Wá wò ó! Ọmọdé ló ń gbálẹ̀! Àgbà ló ń lọ síta!"

Ó wo ìwé mi títí. Kò bá mi jà. Ó wọlé, ó gbé bàtà iṣẹ́ mi jáde.

"Ẹ máa lọ ní Mọ́ńdè."

Mo jó yí àpótí náà ká.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bá a ṣe ń jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, mo ní oyin mọ iyì àgbà gan-an.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì, Dádì," Bùsáyọ̀ ní. "Ìta léwu. Aláǹtakùn wà níbẹ̀, aláǹgbá wà níbẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ. Tó bá kú síbẹ̀, àdánù ẹ̀ ò pọ̀."

Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀. Rekiat ò gbójú sókè nínú àwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí ò jẹ́ kí n sọ pé mi ò lọ mọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Lucky fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, ni mo bá rí àtàǹpàkò ọwọ́ mi. Ó funfun báláú, wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún kọjá èékánná wọ inú ẹran.

Rekiat dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti sùn nígbà tí mo kùn ún."

"Funfun kẹ̀?"

"Funfun ni." Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. "Ọjọ́ yín ṣì pọ̀ nínú ilé yìí."

Mi ò ní purọ́, omi bọ́ lójú mi. Lucky tún fọn fèrè. Mo na àtàǹpàkò náà sí i lójú fèrèsé kó lè rí i. Ó rò pé mò ń sọ pé mo ti múra tán, ó bá na tiẹ̀ padà, ó sì ń dúró dè mí. Ìgbà tí mo gbálẹ̀ dé ẹnu géètì ló tó yé e.

"Baba, wetin be this?"

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ohùn Rekiat láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ ò gbá abẹ́ àga!"