Ẹnubodè Tí Wọ́n Ti Ní Kí N Ki Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń ṣiṣẹ́ Olúwa níhìn-ín, ẹ gbé tíì yín kalẹ̀ ná. Ẹ ṣáà mọ̀ mí: èmi Láoyè ọmọ Ìgbẹ́tì, n kì í ṣe ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí í wẹ̀yìn. Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí ìjọ ti rán wa wá sórí òkè Lesotho yìí, èmi, Fadérera ìyàwó mi, àti Ìtùnú ọmọ wa tí kò tíì lè dá ṣíbí mú nígbà náà. Àárò ilé kò sọ mí rí! Ọmọ náà ti ń fi Sesotho dá mi lóhùn báyìí, mo ní ẹ yin Olúwa. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá gan-an, mo jẹ́rìí níwájú yín pé gbogbo ohun tó ṣe kókó nílé ni mo kó wá, n kò gbàgbé ẹyọ kan. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo rí yín.

Ó dáa. Ìdájí òní ni àlá wá ká mi mọ́.

Mo rí ara mi lẹ́nubodè. Mo wọ kóòtù, mo pọn Ìtùnú sẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà á, ó sì bá kóòtù mu. Fadérera ń wọ́ àpótí wa bọ̀. Ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè kò sí nílẹ̀. Ó ń fì lókè, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kàn bi wọ́n ni pé, ṣé a ó bọ́ bàtà ká tó wọlé?

"Ẹ má bọ́ ọ," ni ọ̀gá tó wà nídìí tábìlì wí. "A ò ní ilẹ̀."

Ó ní ká ṣí àpótí. Àpótí ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ òun lẹ́nu, òun á sọ ọ́ fúnra òun.

"Bíbélì mẹ́rin," ló wí, "gààrí kóńgò mẹ́ta, ata gígún, ìwé orin, àti bàtà ọ̀gá mi, oríṣi méje. Oríṣi méje, ẹlẹ́sẹ̀ méjì!"

"Ta ló bi ọ́ ní ti bàtà?" ni mo wí.

Ọ̀gá yẹn ti ṣí ìwé ìrìnnà Ìtùnú. Fọ́tò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpàkọ́ ọmọ ni wọ́n yà.

"Ọmọ yìí ò wojú wa," ló wí. "Ẹ ki oríkì rẹ̀ kó yíjú, kẹ́ ẹ sì máa lọ."

Ṣé ìyẹn náà nìyẹn? "Àwẹ̀ró!" ni mo wí, mo gbé àyà sókè. Ìtùnú mira lẹ́yìn mi.

"Ó dáa. Ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀yin ará, mo wo òkè, mo wo ilẹ̀ tí kò sí. N kò mọ ohun tó kàn. Mo bá fi Sáàmù kẹtàlélógún tẹ̀ lé e. Ọmọ fúyẹ́ díẹ̀. Mo fi ìfilọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tì í, títí kan ti ẹgbẹ́ akọrin. Ó tún fúyẹ́. Mo ṣe oore-ọ̀fẹ́, mo ní kí gbogbo wa ṣe Àmín. Ẹ̀yìn mi wá dà bíi ti ẹni tó pọn ìyẹ́ adìyẹ.

"Bàbá Ìtùnú," ni Fadérera wí, "ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ ń tán lọ."

Nígbà tí mo máa wo ọ̀gá, ó ti di òbúkọ. Táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, ó sì ń jẹ ìwé ìrìnnà ọmọ náà láti etí. N kò yéé pè é ní "sà" o. Òbúkọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ni.

"Ta ló mọ oríkì náà dópin?" ni òbúkọ bi mí.

"Ìyá mi ni, sà."

"Kí ló dé tí wọn ò kì í kẹ́ ẹ tó kúrò nílé?"

"A ò ráyè ni, sà."

"Irọ́!" ni àpótí wí. "Mo wà nínú bùùtù mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ìyá gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n ní 'Àwẹ̀ró'. Ọ̀gá mi wo aago, wọ́n ní, 'Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà dípò ìyẹn, nǹkan ayé ni oríkì.' Ìyá pa ẹnu dé. Inú bùùtù tí mo wà, mo gbọ́ bó ṣe pa dé."

Òbúkọ kàn mi orí. Ó ń jẹ ìwé rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ti di ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgbẹ́tì. Ìyá mi jókòó síwájú pátápátá, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Òkun ni wọ́n tẹ́ sáàárín wa bí ẹní. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká a. Òkun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ká ìyẹn náà. Mo ká òkun títí ìbàdí fi ń ro mí. Mo ń rí gèlè wọn, mo ń gbóòórùn àdí tí wọ́n fi para, n kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo pariwo. Sesotho ló jáde lẹ́nu mi, Sesotho tó já gaara, irú èyí tí n kò tíì rí sọ lójú ayé.

Ìyá mi yíjú. Wọ́n wò mí, wọn ò mọ̀ mí.

"Àlejò, ẹ kú ìrìn o," ni wọ́n wí. "Ọ̀já lásán lẹ gbà mọ́ra yẹn. Ọmọ yín dà?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Mo jí.

Oòrùn ti yọ. Èmi tí mo máa ń gun òkè lọ gbàdúrà ní gbogbo ìdájí, mo ti sùn kọjá àkókò. Mo gbọ́ ohùn Ìyá mi nílé ìdáná. Mo rò pé àlá náà ni kò tíì parí. Mo fò sílẹ̀, mo tẹ̀ lé ohùn.

Fadérera ti gbé fóònù ti agolo mílíìkì, ojú Ìyá mi kún inú rẹ̀, wọ́n ń ki ọmọ lọ ràì:

"Àwẹ̀ró, ọmọ òkúta funfun,
ọmọ a-gorí-àpáta-kí-oòrùn.
Òjò pa ọ́, o ò ṣá;
ọ̀nà jìn sí ọ, o ò nù."

Ìtùnú ń lá ẹ̀kọ rẹ̀, ó ń dáhùn "Hẹ̀n" níparí ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi Fadérera.

Kò wò mí lójú. "Láti ọ̀sẹ̀ tí a dé. Ẹ̀yin ń gun òkè, àwa ń pe ilé."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú fóònù, omi ń jáde lójú mi. "Ìyá, ẹ foríjì mí. Ẹ bá mi kì í dópin. Ẹ kì mí mọ́ ọn."

Mo gbọ́ bí Ìyá ṣe ń fa imú. "Láoyè," ni wọ́n wí, "n kò bínú. Mo gbé e mì lọ́jọ́ náà ni, n kò tu ú dànù." Fadérera fi etí aṣọ nu ojú. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́, bí ìgbà tí Ẹ̀mí bá sọ̀kalẹ̀.

Ìtùnú gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wò mí níbi tí mo nà sí, ó kọjú sí fóònù, ó sì fi Yorùbá tó já gaara sọ̀rọ̀.

"Ìyá Àgbà, Dádì ò wọ ṣòkòtò."