Ẹ̀ka Amúnútutù

Ẹ má bi mí pé kí ni obìnrin tó ń dá gbé fẹ́ fi ọgbà amúnútutù tó tó báyẹn ṣe. Ọkọ mi ló gbìn ín kó tó kú, ó ní kó máa fà lórí ọgbà ọparun ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu. Ọmọ mi kan ṣoṣo, Àbúdù, wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná lọ́hùn-ún. Mélòó ni mo fẹ́ dá jẹ? Ewé rẹ̀ nípọn, omi kún inú rẹ̀, bí o bá sì já orí rẹ̀ kan, ẹ̀ka méjì ni yóò yọ. Kò kúkú mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́.

Àfi Àrìnkẹ́, ìyàwó káfíńtà tó ń gbé lọ́nà Ìkòsí. Ó lóyún, gbogbo ẹ̀fọ́ ló ń kó èébì bá a, amúnútutù nìkan ni inú rẹ̀ ń gbà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni yóò yọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀fọ́ ni mo tún bá wá."

"Olè ẹ̀fọ́," n ó ní, "ìwọ ni o máa pa ọgbà yìí."

À ń já a, à ń sọ̀rọ̀. Yóò sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń hanrun, èmi náà á sọ bí tèmi ṣe hanrun títí ó fi re àlùjánnà. Bó bá lọ tán, ilé á dákẹ́, kìkì ariwo bọ́lẹ́kájà tó ń lọ Ìkòròdú ni n ó máa gbọ́.

Nígbà tí ikùn rẹ̀ tóbi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Àánú ṣe mí. Ẹnu mi tí kì í gbé jẹ́ẹ́ ló bá ní, "Jẹ́ kí n gé ẹ̀ka kan fún ọ, kí o gbìn ín sẹ́yìnkùlé rẹ." Mo gé e níbi oríkèé, mo fi ewé kókò wé e. Mo ní kó gbìn ín síbi tí òòrùn kì í ti í pa, kó máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, toyúntoyún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́.

Mo ní oyún ló wúwo. Ó bímọ, mo lọ síbi ìkómọ, èrò pọ̀, mo jẹun, mo darí sílé. Nígbà tó wá ń jáde, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi lọ sọ́jà, ó ń kí mi látòkèèrè. Àfọwọ́fà ni, ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹni tí mo fi ẹ̀fọ́ so mọ́lẹ̀, èmi náà ni mo tú okùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ọkọ rẹ̀ yà. "Ìyá, ewé amúnútutù yẹn ń pọ́n o. Kí ni ká ṣe sí i?"

Bí mo bá ní n kò mọ̀, yóò kú, Àrìnkẹ́ á sì padà wá. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. "Omi ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, kí ẹ da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sídìí rẹ̀." Ó dúpẹ́, ó lọ. Ó ṣe mí bíi kí n pè é padà.

Mo fara dà á títí, kò ṣeé fara dà mọ́. Mo mú àdá, mo gé amúnútutù ọkọ mi kúrò lórí ọgbà, mo hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, nítorí n kì í purọ́ tọrọ nǹkan. Èso rẹ̀ pa ọwọ́ mi láró. Mo sunkún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀nà Ìkòsí.

"Ìyàwó, ẹ̀fọ́ ni mo bá wá. Tèmi ti run."

"Háà, Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́." Tirẹ̀ ti gun òrùlé ilé ìdáná. Ó pọn ọmọ, ó já ẹ̀fọ́ kún apẹ̀rẹ̀ mi kí n tó rí àpótí tí n ó jókòó lé. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún eruku.

"Ẹ wo bí ẹ ṣe ń mí," ló wí, tàánútàánú. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹ̀ka kan tó sanra níbi oríkèé, ó fi ewé kókò wé e bí mo ṣe wé tirẹ̀. "Ẹ gbin èyí sẹ́yìnkùlé yín, Ìyá. Ẹ ò ní í máa rin ìrìn wàhálà wá síbí mọ́."

Mo ní ó ṣeun. Mo gbé e délé, mo gbìn ín síbi tí òòrùn kì í ti í pa, mo bu omi sí i díẹ̀díẹ̀.