Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Náà Ò Lè Sọ Mọ́

Aláyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mú ìgò kékeré náà jáde nínú fíríìjì. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti wọlẹ̀ sùn. Ọmọbìnrin kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé e dé. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún tó dé yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n kàn ti ìgò ẹ̀jẹ̀ náà sínú fíríìjì, ó sì wà níbẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ìyá ọmọ náà ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ló ti wà lórí àga gbọọrọ ìta. Ó ti sọ fún dókítà pé lóròòwúrọ̀, nínú ilé ìdáná, òun ló máa ń gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, pé lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, orí òun ò pé sójú kan, òun ò sì rántí mọ́ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lòun gún un tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lè pa á.

Ẹ̀rọ gbé èsì jáde. Ṣúgà náà ti lọ sílẹ̀ kanlẹ̀.

Aláyẹ̀wò rò ó nínú ara rẹ̀. Ẹyin lohùn; bí èyí bá já bọ́ lẹ́nu òun, ta ni yóò kó o nílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ẹlẹ́rìí èké ni èsì náà. Ẹ̀jẹ̀ tí a kò bá tètè yọ omi rẹ̀ sọ́tọ̀, inú fíríìjì náà ni yóò ti máa jẹ ṣúgà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà wò ó, ó mirí, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ni aláyẹ̀wò bá jáde lọ jókòó ti ìyá náà, ó ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Lójú tirẹ̀, ìtura ló gbé wá.

Ìyá náà yíjú sí i.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé èmi kọ́ ni mo pa á?"

"Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà ò lè sọ ọ́ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀jẹ̀ òmíràn ńkọ́?"

"Kò sí òmíràn."

Obìnrin náà ká ìborùn rẹ̀ jọ, ó dìde. "Ká ní ẹ sọ pé èmi ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bínú sí. Ká ní ẹ ní èmi kọ́, ǹ bá sùn."

Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Aláyẹ̀wò jókòó síbẹ̀. Ó ń wò ó bó ṣe ń rìn lọ létí ògiri, ó wá yé e pé lóròòwúrọ̀, lọ́kàn rẹ̀, ni ìyá yìí yóò tún máa dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tí yóò máa bi ara rẹ̀ bóyá òun ti gún un.