Ìgbà Tí Wọ́n Pa Ẹ̀rọ Ẹ̀ṣọ́

"Ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màámi. Ṣebí iná ara rẹ̀ ṣì ń tàn."

Ọmọbìnrin Ìyá Wáyà ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ tí a bí láìpé oṣù.  Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà, inú wáyà ló sì ti lo ayé rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó tún ń fi orúkọ gidi pè é mọ́. Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ yìí, àfọwọ́fà ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ ẹ̀ṣọ́ kan wà nísàlẹ̀ ilé náà, kò ju páálí bàtà lọ. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gba orí wáyà wọlé láti ìta, iwájú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà, olè orí kọ̀ǹpútà kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dá gbọ́n o. Àwọn tó ṣe é ló ń fi àpèjúwe àwọn olè tuntun ránṣẹ́ sí i lójoojúmọ́, ohun tó bá jọ àpèjúwe ló ń dá padà. Wọ́n sì ní òfin tiwọn: bí ètò inú ẹ̀rọ bá ti gbó kọjá ààlà, wọn kò ní fi àpèjúwe kankan ránṣẹ́ sí i mọ́. Iná rẹ̀ yóò máa tàn, yóò máa lé àwọn olè àtijọ́ tó ti mọ̀, ṣùgbọ́n bí olè tuntun bá dé, ńṣe ni yóò yà fún un lọ́nà. Ọjọ́ náà gan-an ni gbèdéke pé.

Ó ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n kìlọ̀ títí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó lè pààrọ̀ ètò inú ẹ̀rọ yẹn, àfi kó pa á, tó bá sì ti pa á, gbogbo nẹ́tíwọ̀kì dákẹ́ nìyẹn, títí kan ojú ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣọ́ èémí àwọn ọmọ láti ìdí tábìlì wọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà nínú àpótí dígí lọ́hùn-ún, kò ju ìgò omi lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni Ìyá Wáyà ti ń sún iṣẹ́ náà síwájú. Obìnrin tó ń ki ọwọ́ bọ ìdí iná mànàmáná láìṣẹ́jú, kò tíì lè fọwọ́ kan ọmọ yẹn rí. Ẹ̀rù ń bà á gidi.

"Tí a bá pa á lónìí," Ìyá Wáyà dá a lóhùn, "àwa la pa á, gbogbo wa la sì mọ̀. Tí olè bá wọlé lọ́la, òun ni yóò pa gbogbo rẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é."

 Ọmọbìnrin rẹ̀ wá béèrè ẹni tó máa dúró ti ọmọ òun.

"Ìwọ ni."

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ló dáhùn, láti ẹnu ilẹ̀kùn. Obìnrin yìí kì í fi ẹ̀rín ṣòfò. Ó ní ojú ẹ̀rọ bá àwọn níbí ni, àwọn ti ń tọ́jú ọmọ kó tó dé. Oníkálukú á dúró ti àpótí kan, á gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ, á sì máa ké ohun tó bá rí síta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin. Ó ní kí ọmọbìnrin náà lọ fọ ọwọ́.

Ìyá Wáyà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ó fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ pe òkè, ó gbé e sórí tábìlì kó lè máa gbọ́ wọn, ó mí kanlẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà. Iná kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò tuntun wọ inú rẹ̀. Yàrá dákẹ́ bí kò ṣe dákẹ́ rí.

"Ó ń mí," ohùn kan wí nínú fóònù.

"Ó ń mí," òmíràn gbà á.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu, jẹ́jẹ́, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Orí Ìyá Wáyà wú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó rò pé wáyà òun ló gbé ilé náà ró. Lójijì, ó kan ọmọbìnrin rẹ̀ láti ké, kò sì gbọ́ nǹkan kan.  Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ láti tún un tàn, bẹ́ẹ̀ ètò tuntun kò tíì wọlé tán.

"Má wo ojú mi," ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ, "ọmọ ni kí o wò."

"Ó ń mí." Ohùn ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ó ń mí, mà."

Nígbà tí iná ẹ̀rọ náà tún tàn, àpèjúwe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìlà tẹ̀ lé ìlà, wọn kò dáwọ́ dúró. Ìyá Wáyà ti ń rí i látọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò jókòó wò ó rí. Àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì ní mọ̀ láéláé, wọ́n jókòó síbì kan, wọ́n ń wo ojú olè látàárọ̀ dalẹ́ nítorí ọmọ tí wọn ò mọ̀ pé wọ́n bí. Kó tó dìde, ẹ̀rọ náà dá olè tuntun kan padà. Àpèjúwe rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ìlà kan péré ni ẹ̀rọ kọ, kò pariwo. Ìyá Wáyà la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé.

Nígbà tó máa fi dé òkè, ojú ẹ̀rọ ti padà, àwọn nọ́ọ̀sì ti jókòó. Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọmọbìnrin rẹ̀ yẹra fún un láìsọ̀rọ̀. Ìyá Wáyà ki ọwọ́ gba ojú ihò àpótí dígí náà, ó sì gbé ìka lé àyà kékeré yẹn. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀.

"Ó ń mí," ó ké síta, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì kò gbé ojú sókè nídìí tábìlì rẹ̀. "A ti gbọ́ yín, Ìyá Wáyà."