Jáàkì Tí Mo Fi Ń Fún Ẹ̀gẹ́

Ẹ bá mi bi ọkọ mi, Bàbá Victoire, ta ló sọ fún un pé mẹkaníìkì ni òun. Awakọ̀ ni. Igolo sí Àjàṣẹ́, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò kékeré rẹ̀ jóná, tí wọ́n ní àfi kí ẹ́ńjìnì àti gíà jáde kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀, ó ní mẹkaníìkì kankan kò ní fọwọ́ kan mọ́tò òun. Ó ti wo fídíò òyìnbó kan lórí fóònù. Òyìnbó náà tú tirẹ̀ nílé, ó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ rẹ̀ ò tiẹ̀ dọ̀tí.

Ǹ bá má dá sí i, bí kò bá ṣe pé jáàkì mi ló gbé.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe gààrí ní Ifangni ló mọ̀ pé jáàkì kì í ṣe ti mọ́tò nìkan. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ sínú àpò tán, a ó gbé pátákó lé e, a ó ki jáàkì bọ àárín pátákó àti igi ìdábùú òkè, a ó máa tẹ̀ ẹ́ títí omi yóò fi jáde. Ẹ̀gẹ́ tí a kò bá tètè fún, kíkan ló ń kan. Ràúfátù, oníbàárà mi ní Igolo, kì í ra gààrí kíkan. Bó bá tọ́ ọ wò tí kò dùn mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Banigbé ló ń gbà lọ, kì í sì í padà mọ́. Gbogbo ẹ̀gẹ́ oko mi ló sì wà nínú àpò lọ́jọ́ náà, ní rírin.

"Mo kàn fẹ́ fi gbé gíà dúró díẹ̀ ni," ni Bàbá Victoire wí láàárọ̀.

Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń tú mọ́tò náà. Akọ̀wé ni mo ń pe àbúrò náà, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Iṣẹ́ pákó ló ń ṣe, ó sì gbé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń gbé gẹdú wá. Wọ́n na igi ńlá mẹ́ta ró sórí imú mọ́tò, wọ́n so ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ, wọ́n fi de ẹ́ńjìnì. Jáàkì mi wà lábẹ́ gíà. Mo bi wọ́n léèrè.

"Ó ku nọ́ọ̀tì kan."

Mo pọnmi dé. Ó ku nọ́ọ̀tì kan. Mo gbóúnjẹ fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fọwọ́ ọ́ìlì ba gbogbo àwo mi jẹ́.

"Ìyá Victoire, attends, dúró ná, ó ku nọ́ọ̀tì kan."

Ṣé nọ́ọ̀tì ń bímọ ni?

Mo to òkúta lé àpò bí ìyá mi ti máa ń ṣe. Omi rẹ̀ ń kán tó, tó, bí imú ọmọ tí òtútù mú. Mo gbóòórùn rẹ̀. Kò tíì kan, ṣùgbọ́n ó ti ń gbèrò. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ gbé jáàkì mi fún mi!"

"Ìyàwó wa, tá a bá yọ ọ́ báyìí, gbogbo ẹ̀ á wó lulẹ̀," ni Akọ̀wé wí. "Ẹ ṣe sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà."

"Akọ̀wé, baba ìwà kì í fún ẹ̀gẹ́."

Bàbá Victoire fi òòlù lu sípánà, gbàà! Nọ́ọ̀tì náà já. Ẹ́ńjìnì àti gíà fò sókè pọ̀, wọ́n ń fì lórí ẹ̀wọ̀n, gíà sì ti jáàkì mi dànù. Ó forí sọ òkúta, ọ́ìlì inú rẹ̀ tú jáde.

"Voilà! Ó ti jáde!" Ọkọ mi ń jó.

Mo gbé jáàkì, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò gbéra. Mo wo ojú ọkọ mi, ijó sì parí.

"Màá ra òmíràn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Kí ẹ̀gẹ́ mi máa dúró dè ọ́?"

Mo wo àpò mi. Mo wo ẹ́ńjìnì tó ń fì lókè, tí kò níṣẹ́ kankan. Ìbínú náà a máa kọ́ni lọ́gbọ́n.

"Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o. Ẹ ti mọ́tò kúrò lábẹ́ rẹ̀."

Wọ́n tì í kúrò. Mo to igi sílẹ̀ kí omi lè ráyè ṣàn, mo to ìdajì àwọn àpò lé e, mo fi tapólì bò wọ́n kí ọ́ìlì má kán sí i, mo wá fi pátákó lé e.

"Ó yá, ẹ máa sọ̀ ọ́ bọ̀. Doucement, jẹ́jẹ́!"

Ẹ́ńjìnì jókòó lórí ẹ̀gẹ́ mi. Pátákó ké, omi sì ya jáde lábẹ́ àpò, ó ṣàn gba ẹsẹ̀ wa kọjá. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá Victoire ti Àjàṣẹ́ dé, ó gbé kílọ́ọ̀ṣì tuntun dání. Ó bá mi nídìí agbada. Mo ti tọ́ gààrí ìdajì àkọ́kọ́ wò, kò kan rárá; ìdajì kejì ló wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì.

"Ìyá Victoire, jọ̀wọ́, jẹ́ kí n gbé ẹ́ńjìnì mi. Àwọn èrò mi ti ń pè mí."

Mo fọwọ́ tẹ àpò tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì wò. Mo padà sídìí agbada mi.

"Attends," ni mo wí. "Ó ku àpò kan."